Àpótí Tó Gbọ́ Èdè Gbogbo Àdúgbò

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí. Mo ń dárúkọ wọn nítorí pé nínú ìdílé tiwa, bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ díẹ̀, àwọn tí kò sí níbẹ̀ a máa rántí rẹ̀ ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Èmi wà níbẹ̀, nítorí ilé mi ni. Àkọ́bí mi wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó ká apá lé àyà bí adájọ́. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà. Àbúrò ọkọ mi wà níbẹ̀. Ó ń sùn, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ nọ́ọ̀sì, wà níbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Onígbàjámọ̀, aránṣọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì àti ajá rẹ̀, àwọn yẹn kò tíì sí níbẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dé nígbà tó yá, ẹ ó sì mọ ohun tó gbé wọn wá.

Ọkọ ọmọ mi yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń tọ́jú ìyàwó, ó ń tọ́jú ọmọ, kò sì gbàgbé mi rí. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò sí ohun tí kò mọ̀. Ọ̀gá ni níbi tí wọ́n ti ń ṣe páálí, páálí tí wọ́n ń kó bàtà àti bisikíìtì sí, àmọ́ bí dókítà bá ń sọ̀rọ̀, yóò bá dókítà parí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó kọ́ ayàwòrán bí wọ́n ṣe ń di kámẹ́rà mú. Títí dòní, nínú fọ́tò tó wà lọ́wọ́ mi, ọrùn ni gbogbo wa fi ń rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi fi aago ògiri kan sílẹ̀ kó tó kú. Aago náà máa ń falẹ̀ díẹ̀, bí ọkọ mi náà ṣe ń falẹ̀. Ọkọ ọmọ mi ní kò sí wàhálà. Ó tú u sórí tábìlì, ó tò ó padà, àwọn irin kan ṣẹ́ kù. Ó ní àwọn irin yẹn kò wúlò láti ìbẹ̀rẹ̀. Aago náà kò bá a jiyàn, ó kú síbẹ̀.

Bó bá ti fọwọ́ kan nǹkan tán, ohun kan náà ló máa ń wí: "Mo ti yanjú ẹ̀." Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Mo-Ti-Yanjú-Ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni o. Lójú rẹ̀, Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni mo ń pè é, nítorí àna ni, wọ́n sì kọ́ mi nílé.

Ohun tó fa ìpàdé náà ni pé mo yọ̀ ṣubú nínú balùwẹ̀. Ìbàdí dùn mí, ó sì lọ. Àmọ́ àwọn ọmọ mi ti gbọ́. Àkọ́bí mi ní mi ò lè dá gbé mọ́, kí n máa bọ̀ nílé òun. Ilé rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá tí wọ́n fẹ́ fún mi, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ẹlòmíràn, ìyàwó rẹ̀ sì ní ìtọ́jú tó pọ̀ jù. Bí mo bá ti dìde, "Mà, kí lẹ fẹ́?" Bí mo bá jókòó, "Mà, ṣé kò sí?" Bí mo bá fẹ́ yán nínú ilé yẹn, àfi kí n tọrọ àyè.

Ilé tí mo wà yìí, inú rẹ̀ ni mo ti tọ́ gbogbo wọn dàgbà. Mo lè dijú kí n sì rìn ín já. Mo mọ ibi tí àkọ́bí mi ti fi eyín àkọ́kọ́ gé etí tábìlì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ṣe bí adájọ́ báyìí.

Ìgbà náà ni Mo-Ti-Yanjú-Ẹ̀ dá sí i.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí fún àkọ́bí mi, "ẹ má yọ Màmá lẹ́nu. Màá fi ẹ̀rọ so gbogbo ilé wọn pọ̀. Bí Màmá bá ṣubú, ilé fúnra ẹ̀ á pè yín lórí fóònù."

Àkọ́bí mi dá a lóhùn. "Ó dáa. Wá ṣe é lójú gbogbo wa ní Sátidé. Bó bá ṣiṣẹ́, Màmá á dúró. Bí kò bá ṣiṣẹ́, mọ́tò mi á wà níta, a ó kó ẹrù Màmá lọ lọ́jọ́ náà."

Ẹ wá wo irú ọ̀ràn tó bá mi. Ilé mi bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin tó pa aago ọkọ mi. Èmi tí mo ti ń fi ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, èmi ni mo wá ń gbàdúrà fún un ju ìyá tó bí i lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe bí mo ṣe gbọ́ ọ. Girama ni mo kà, mi ò kàwé ẹ̀rọ, àmọ́ etí mi kò di. Láti ìgbà tí mo ti ṣubú ni àwọn ọmọ mi ti ń ra oríṣiríṣi nǹkan fún mi, àwọn nǹkan tí kò dúró de kí ènìyàn fọwọ́ kàn wọ́n. Àkọ́bí mi ra gílóòbù tó ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu. Nọ́ọ̀sì ra àgádágodo ẹnu ọ̀nà tí kò ní ihò kọ́kọ́rọ́. Ọkọ rẹ̀ ra fáànù. Ọsibítù tí ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ fún mi ní ohun kan bí aago ọwọ́, bọ́tìnnì pupa wà lára rẹ̀ tí màá tẹ̀ bí mo bá ṣubú. Gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ gba inú afẹ́fẹ́ bíi rédíò. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá, èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, ọ̀kan kò gbọ́ ti èkejì. Wọ́n kàn wà nínú ilé mi bí orogún tó ń yan ara wọn lódì.

Nígbà tí Sátidé pé, Mo-Ti-Yanjú-Ẹ̀ gbé àpótí dúdú kan jáde nínú báàgì, kò tóbi ju búrẹ́dì kékeré lọ. Rédíò ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí a fi ń gbọ́ ìròyìn. Rédíò tí a mọ̀, irin inú rẹ̀ ló pinnu ohun tó lè gbọ́, kò sì lè gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti èyí yàtọ̀. Ohun tí ènìyàn bá kọ sínú kọ̀ǹpútà ló ń sọ fún un irú èdè tí yóò gbọ́ àti irú èyí tí yóò fọ̀. Bí o bá yí ohun tí o kọ padà, èdè rẹ̀ á yí padà.

"Mà, àpótí yìí ò ní èdè tiẹ̀," ó ṣàlàyé fún mi. "Gbogbo èdè ló lè sọ. Òun ló máa ṣe ògbufọ̀ fún gílóòbù, àgádágodo, fáànù àti aago ọwọ́ yín."

"Ó mà dára o, Bàbá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ṣé ó máa ń dákẹ́?"

"Kò nídìí láti dákẹ́, Mà."

Mo ní mo gbọ́. Mo ti mọ ẹni tí àpótí náà jọ.

Ántẹ́nà kékeré kan wà lára rẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ní ẹni tó tà á fún wọn sọ pé ó tó fún ilé kan. Ọkùnrin náà wò ó, ó yínmú. "Ti ọmọdé nìyẹn." Ó lọ sídìí mọ́tò rẹ̀, ó gbé òmíràn jáde tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà iwájú, bàtà tuntun tó ń dán bí ojú dígí, ó sì gun òrùlé mi. A wà nísàlẹ̀, à ń gbọ́ bí páànù ṣe ń kérora. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ikùn rẹ̀ kún fún eruku.

"Mo ti yanjú ẹ̀. Èyí tí mo so yìí, bí ẹnì kan bá sín ní ìparí àdúgbò, àpótí yìí á gbọ́."

Ó yẹ kí ẹnì kan bi í pé kí ló kan ilé mi pẹ̀lú ẹni tó ń sín ní ìparí àdúgbò. Kò sẹ́ni tó bi í.

Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì oúnjẹ mi. Ìlà kan wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń lọ gbọọrọ. Bí nǹkan bá ti sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ìlà náà á ta sókè. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó tan gílóòbù mi, kó wo bí ìlà ṣe ta, kó wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohùn gílóòbù nìyí. Kó ti ilẹ̀kùn, kó wò ó. Kó tan fáànù, kó wò ó. Mo-Ti-Yanjú-Ẹ̀ kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó kàn jókòó, ó ń gbọ́. Bí ìlà bá ta, á ní, "Ẹ̀ẹ́n, gílóòbù nìyẹn," á tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bó bá tún ta, "Ilẹ̀kùn." Bó bá ta gan-an, "Fáànù. Fáànù máa ń pariwo."

Mo wo gílóòbù. Kò tàn. Mo wo fáànù. Eruku orí rẹ̀ kò mì.

Ìyàwó rẹ̀ ló bi í. "Dádì Ọ̀pẹ́, ṣé ẹ ò ní dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan?"

"Ẹni tí iṣẹ́ ò dá lójú ló ń dán an wò," ó fèsì láìwo ẹ̀yìn.

Ẹ mọ̀ pé àdúgbò tiwa kò gbẹ́yìn. Gbogbo wọn náà ló ti ra irú nǹkan wọ̀nyí. Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ti ra gílóòbù tó ń gbọ́ràn. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí iná, ó ti ra ohun tí yóò máa fi fóònù pa á. Géètì tíṣà ń dá ṣí, ó ń dá tì. Gbogbo wọn ló sì ní aago ẹnu ọ̀nà tí kò ní wáyà. Ántẹ́nà gíga orí òrùlé mi sì wà níbẹ̀, ó ń gbọ́ wọn ní àgbọ́yé.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó dìde, ó fa kọ́tìnnì kí pálọ̀ lè ṣókùnkùn, ó kọjú sí wa.

"Ilé," ó wí fún àpótí náà, "tan iná."

A jókòó sínú òkùnkùn. Àbúrò ọkọ mi ń hanrun. Láti òdìkejì ọ̀nà, a gbọ́ tí ẹnì kan ké, "Yéè, etí mi."

"Ó ń gba àṣẹ," ọkọ ọmọ mi wí. "Tan iná."

Kò pẹ́, a gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná yẹn nìkan ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kan sí. Ìkọ́ lásán ló wà lára rẹ̀, ọjọ́ tí ọkọ mi fi í síbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Onígbàjámọ̀ ló wọlé, ẹ̀rọ ìgẹrun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀, apá kejì ṣì kún bó ṣe wà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wà lọ́dọ̀ yín? Tèmi ń kú, ó ń jí. Díẹ̀ ló kù kí n gé etí oníbàárà."

"Ẹ wá oníná kó wo wáyà yín," Mo-Ti-Yanjú-Ẹ̀ wí fún un. "Wáyà ṣọ́ọ̀bù yín ti gbó."

Onígbàjámọ̀ dúpẹ́, ó lọ. Mo fa kọ́tìnnì mi padà.

"Iná ò ṣe pàtàkì," ó wí. "Ẹ wo ilẹ̀kùn. Ilé, ṣílẹ̀kùn."

Ilẹ̀kùn iwájú mi dún gbà, ó tì pa. Kò ṣí mọ́ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Láti ojú fèrèsé ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti rí géètì tíṣà tó rọra ń ṣí. Ajá tíṣà jáde. Ajá yẹn sanra, ó sì ti pẹ́ tó ti rí títì kẹ́yìn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́. Kò lọ jìnnà. Ẹnu ọ̀nà mi ló yà sí.

"Dádì, ajá ń gbóòórùn bàtà yín," Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wí.

"Fi ajá sílẹ̀. Fáànù ló kàn."

Ẹ jẹ́ kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó pe fáànù, fáànù kò dá a lóhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó pariwo mọ́ ọn. Ìgbà tó tún ṣe díẹ̀, aránṣọ gba ilé ìdáná wọlé. Ó na ṣòkòtò aláwọ̀ eérú kan sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ihò kan wà ní ìdí rẹ̀, ihò náà rí gẹ́lẹ́ bí áyọ́ọ̀nù, ó ní ṣóńṣó, ó ní ìdí. Láti inú ihò yẹn ni mo ti ń rí ojú rẹ̀.

"Mo pa áyọ́ọ̀nù," aránṣọ wí. Kò pariwo, ìyẹn ló sì burú. "Mo fi ọwọ́ ara mi pa á, mo fi í lé orí aṣọ, mo lọ mu omi. Ta ló tan án? Ẹni tó ni ṣòkòtò yìí ń bọ̀ wá gbà á lónìí."

Gbogbo wa wo Mo-Ti-Yanjú-Ẹ̀. Ó wo kọ̀ǹpútà. Mo rí i pé nǹkan ń yé e, àmọ́ ohun tó ń yé e kò lè rí ọ̀nà dé ẹnu rẹ̀.

"Ìyá aránṣọ, ẹ máa lọ. Mo ti yanjú ẹ̀."

Àkọ́bí mi tú apá rẹ̀ sílẹ̀. "Àna, gílóòbù kọ́ ló kó wa jọ síbí. Fáànù kọ́. Tí Màmá bá ṣubú, ta ló máa gbọ́? Ìyẹn ni kó o fi hàn mí." Ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ jáde lápò, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi.

Mo wo kọ́kọ́rọ́ náà. Mo ronú nípa fèrèsé tó kọjú sí ògiri. Mo dìde.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ ṣubú," mo wí.

Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ balùwẹ̀, mo dùbúlẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwà àgbà, mo tún aṣọ mi ṣe, mo sì tẹ bọ́tìnnì pupa. Mo ń gbọ́ wọn ní pálọ̀. Wọ́n ti gbé fóònù sọ́wọ́, wọ́n ń dúró. Fóònù kankan kò dún.

Ohun tó dún ni aago ẹnu ọ̀nà onígbàjámọ̀. Lẹ́yìn náà ti aránṣọ. Lẹ́yìn náà ti tíṣà. Gbogbo aago àdúgbò dún pọ̀, wọn kò sì dákẹ́. Ọkùnrin náà ti fi ohùn aago ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn sí ibi tó yẹ kó fi fóònù àwọn ọmọ mi sí.

Ẹ mọ̀ pé inú ti ń bí àwọn ènìyàn yẹn tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò rìn, wọ́n sáré. Ìjà ni wọ́n gbé bọ̀. Wọ́n já gba ilé ìdáná wọlé, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni balùwẹ̀ mi wà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí. Aránṣọ ló kọ́kọ́ rí ẹsẹ̀ mi.

"Màmá ti ṣubú o."

Ìjà pòórá. Aránṣọ ju ṣòkòtò sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí mi lé itan rẹ̀. Onígbàjámọ̀ di ẹsẹ̀ mi mú. Ọkùnrin olórí apá kan bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀, ó ń fi fẹ́ mi, irun rẹ̀ ń bọ́ sí mi lójú. Tíṣà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kí wọ́n má gbé mi dìde kíákíá.

Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ìdánwò ni. Mo ti la ẹnu. Àmọ́ ọwọ́ aránṣọ rọ̀ lórí mi, mo sì tún fẹ́ mọ bó ṣe máa pẹ́ tó kí àwọn ọmọ tí mo bí tó dé. Mo pa ẹnu dé. Mo tilẹ̀ kérora díẹ̀.

Láti pálọ̀, mo gbọ́ tí ọkọ ọmọ mi ń wí pé, "Ẹ fara balẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ni. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Nígbà tí wọ́n wá gbọ́ ariwo, tí wọ́n sì dé, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ti kún, àkọ́bí mi kò rí ibi gbà. Fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ gbé ojú sókè wò ó, ó wo nọ́ọ̀sì, ó wo gbogbo wọn.

"Ṣé ẹ̀yin ọmọ wọn wà nínú ilé yìí?"

Mo la ojú. Mo ní kí wọ́n fà mí dìde, ara mi le, ẹ̀rọ ni à ń dán wò. Mo ṣàlàyé fún wọn. Mo rò pé wọn yóò bínú sí mi. Tíṣà kàn mi orí, ó ní, "Màmá, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa sáré wá." Àkọ́bí mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó padà sí pálọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi í sápò.

"Màmá ò lọ síbì kankan," ó wí. "Ibi tí wọ́n ti ń tètè gbọ́ ohùn Màmá ni wọ́n wà."

Ìgbà náà ni Mo-Ti-Yanjú-Ẹ̀ nàró ṣánṣán.

"Ṣé ẹ rí i? Bí mo ṣe ṣètò ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹni tó sún mọ́ Màmá jù ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ pè. Mo ti yanjú ẹ̀."

Àbúrò ọkọ mi jí. Ó nu ojú. "Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?"

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ti mú ṣòkòtò rẹ̀ nílẹ̀, ó ń fi ojú wọn ìbàdí ọkọ ọmọ mi. Ó yí i ká. "Ìdí yín àti ti oníbàárà mi dọ́gba," ó wí. "Àwọ̀ ṣòkòtò yín náà jọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ. Ẹni yẹn ti wà lọ́nà."

Ọkọ ọmọ mi wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo àjà. Kò sí ohun tó kù fún un ju kó wọ yàrá, kó pààrọ̀. Bó ṣe jáde, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Ilẹ̀kùn iwájú kò ṣí fún un. Àfi kó gba ilé ìdáná kọjá, níwájú onígbàjámọ̀, níwájú tíṣà, níwájú olórí apá kan tó wá rí ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ burú ju tòun lọ. Gbogbo wa rí àmì áyọ́ọ̀nù náà, ó dúró gbagidi sí àárín ìdí rẹ̀. Nígbà tó yí ilé ká dé ẹnu ọ̀nà iwájú, bàtà kan ló bá níbẹ̀. Èkejì wà lẹ́nu ajá tíṣà, ajá náà kò sì ní i lọ́kàn láti dá a padà. Bó ṣe wakọ̀ lọ sílé nìyẹn, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, ẹsẹ̀ kan lórí búrèkì.

Àkọ́bí mi ti yọ ántẹ́nà gíga náà kúrò lórí òrùlé, nítorí ọ̀ràn onígbàjámọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀kùn ilé ìdáná mi kì í tì lọ́sàn-án. Aránṣọ a yọjú, tíṣà a yọjú, ajá náà a yọjú. Mo ṣì wà nínú ilé mi.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìwọ tí o wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, Sátidé ni bàbá rẹ ń bọ̀. Kó tó wọlé, gbé àpótí náà kúrò lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, nù ún dáadáa, kí o sì gbé e padà sórí tábìlì. Má fi wáyà rẹ̀ sínú iná o, mi ò fọkàn tán an, bí ántẹ́nà gíga kò tilẹ̀ sí lórí òrùlé mọ́. Onígbàjámọ̀ máa ń ní oníbàárà lórí àga ní Sátidé. Bí bàbá rẹ bá bi ọ́ bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, sọ fún un pé kò sí ọjọ́ tí kì í ṣiṣẹ́, nítorí òtítọ́ ni. Bó bá sì ti lọ tán, sáré gbé e padà sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, kí afẹ́fẹ́ má baà ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn mi síta.